Ogójì Máàkì fún Ẹ Káàárọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Àtàǹpàkò nítorí àwòrán àtàǹpàkò tó fi ń fèsì lórí fóònù, wọlé lónìí, ó dúró níwájú pátákó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. "A ti kúrò láyé ṣọ́ọ̀kì," ó wí. Láti ọ̀la lọ, orí fóònù la ó ti máa kọ́ Omi àti Ìlera Ìlú, lórí gúrúpù Wọ́sáàpù kan tó ti ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè yóò ti máa wá, ibẹ̀ la ó ti máa dáhùn, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa fún wa ní máàkì: ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, fún ohun tó pè ní ìkópa. Ẹni tí kò bá ní ogún nínú ogójì yẹn kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìdánwò, ó ń tún ọdún kẹta ṣe nìyẹn, ààyè iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ fún un ní ilé àyẹ̀wò omi á sì di ti ẹlòmíràn.

Orúkọ mi ló wà ní ìlà kejì lára àwọn tí ilé àyẹ̀wò omi fẹ́ gbà. Mi ò kó ẹrù mi láti òkè òkun wá síbí kí n wá fi ọdún kan ṣòfò nítorí gúrúpù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Igba èèyàn ó lé méjìlá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò ju pé a ò ní máa jí wá sí kíláàsì mọ́.

Ooru mú. Fáànù gbọ̀ngàn náà kò ṣiṣẹ́, bóyá òun náà ti lọ sórí fóònù.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹta

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kí ló ń sọ kànga tí omi rẹ̀ mọ́ lójú di àìsàn síni lára? Ìbéèrè gidi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa ṣí fóònù ní aago mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tó ti wọlé lé ní àádọ́jọ.

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìdájí sà. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ sà. Ẹ kú làálàá wa sà. Ẹnìkan kọ "Ẹ kú títẹ fóònù sà." Ńṣe ni mo ń ṣa ìbéèrè náà jáde láàárín wọn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹni mẹ́ta péré ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn jí tiẹ̀ kọ láti ibì kan, kò tiẹ̀ rántí yọ "tẹ ibí láti kà sí i" tó wà nísàlẹ̀ kúrò.

Mo kọ ìdáhùn tó tó ojú ewé méjì, mo fi ránṣẹ́. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, "Ẹ kú oúnjẹ àárọ̀ sà" ti bò ó mọ́lẹ̀. Ni olùkọ́ wa bá fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ bó ti máa ń ṣe. Kì í ṣe èmi ló fi fún. Oúnjẹ àárọ̀ ló fi fún.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Àǹtí mi rí ojú mi nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń rán kọ́là, kò dáwọ́ dúró.

"Ta ló bú ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó bú mi, mà. Àwọn èèyàn ń kí olùkọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn ò dáhùn ìbéèrè."

"Ìwọ ńkọ́, o kí i?"

"Mo dáhùn ìbéèrè."

"Mo gbọ́. O kí i?"

Mo gbé àpò mi kalẹ̀.

"Ẹni tí kò kíni kú àbọ̀, ó pàdánù kú ilé," ó wí, ó fi eyín já òwú. Àbúrò bàbá mi nìyẹn. Ó ní òwe fún ohun gbogbo, kò sì ní fóònù tó lè gba gúrúpù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹta

Aṣojú kíláàsì wa ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ ní àràárọ̀. Pupa lánàá, funfun lónìí, àdúrà ìlà mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Olódòdó. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé, mo bi í ní èrò rẹ̀ lórí ìbéèrè òní.

"Ìbéèrè wo?" ló wí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ya wèrè bọ̀.

Dátà tún ti gbówó lórí. Ìdajì owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ra èyí tí mo fi ń wo òdòdó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Iṣẹ́ gidi lónìí, níkẹyìn. Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí ni pé ká mú ìròyìn wá nípa omi àdúgbò wa. Èmi àti Ìyá Kíláàsì la jọ lọ. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ó lé ní ogójì ọdún, aago méjì ọ̀sán ló sì máa ń wọṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Ojú fóònù rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ tó ti kọ sórí gúrúpù kò tíì pé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ yìí, òun ni n óò mú.

Kànga méjìlá la dé. A bu omi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ìgò kéékèèké tó ní oògùn nínú. A ó gbé wọn síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì. Omi tí ìgbẹ́ bá ti kàn, yóò dúdú.

Baba kan kọ̀ jálẹ̀. "Kànga bàbá mi ni. Kò ṣe ẹnikẹ́ni rí."

"Àwa náà ò sọ pé ó ṣe yín ní nǹkan, bàbá," Ìyá Kíláàsì dá a lóhùn. "A kàn yà kí i ni."

Baba náà rẹ́rìn-ín, ó na okùn sí wa. Nígbà tí a jáde, mo ní ó yẹ ká sọ òtítọ́ fún un.

"Òtítọ́ ò ní okùn lọ́wọ́," ó wí. "Àwa la nílò okùn."

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹta

Méje nínú méjìlá ló dúdú. Ti kànga kẹrin, tó wà lẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́, dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.

Orí tábìlì tí Àǹtí fi ń lọ aṣọ ni mo gbé wọn sí, torí ibẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Oníbàárà mi bi mí bóyá aró ni," ó wí. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó wọn kúrò kí n tó tún pa irọ́ mìíràn."

Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Mo ya àwòrán ilẹ̀, mo fi ibi tí ṣáláńgá wà hàn, mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀, mo fi orúkọ èmi àti Ìyá Kíláàsì sí i. Mo fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ kú oòrùn sà. Ẹ kú ìfaradà sà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kànga méjìlá ti rì sínú ìkíni.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹta

Máàkì ààbọ̀ sáà jáde. Olódòdó: méjìdínlógójì. Èmi: mẹ́rin. Ìyá Kíláàsì: méjì.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe. Rárá o. Olódòdó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: olùkọ́ ní kí òun ka ìkópa, òun sì ní ohun kan lórí fóònù tó ń ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, máàkì kan. Méjìlélógún ni tèmi. Mọ́kànlá ni ti Ìyá Kíláàsì.

"Ojú ewé mẹ́rin tí mo kọ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lo fi ránṣẹ́," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ kan. "Ẹ kú oúnjẹ àárọ̀ sà" náà, ọ̀rọ̀ kan. Mi ò mọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láyé tí wọ́n ti ń fi òdòdó gba oyè.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹta

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Yàrá náà kò gbà ju tábìlì kan àti àga méjì. Ìwé ìdánwò àwọn ọdún tó kọjá wà nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, eruku ti bò wọ́n. Fóònù méjì ń gba iná lára ògiri.

"Sà, máàkì mẹ́rin ni wọ́n fún mi."

"Fóònù ló kà á. Fóònù kì í ṣe ojúsàájú."

"Ohun tí mo kọ ńkọ́, sà?"

"Kí lo kọ?"

Mo sọ fún un: kànga méjìlá, méje dúdú. Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú ibòmíràn.

"Á jẹ́ pé mi ò rí i. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti pa ohùn gúrúpù yẹn. Igba èèyàn ń kí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n ya wèrè ni?"

"Ṣùgbọ́n ẹ máa ń fi àtàǹpàkò ránṣẹ́, sà."

"Ìyàwó mi ni. Tó bá ń retí kí ìrẹsì jinná, á bá mi tẹ̀ ẹ́."

Mo wo fóònù méjì tó ń gba iná. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún. "Àṣẹ láti òkè ni, ọmọbìnrin. Ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní ní kíláàsì mẹ́ta. Nígbà tí mo ń ka ìwé gbogbo wọn, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́." Ó tún gíláàsì wọ̀. "Ìwọ tiẹ̀ ti kí mi rí lórí gúrúpù yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Rárá, sà."

"Ìyẹn ni mo rò. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún la ó parí kíka ìkópa. Lọ kópa."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Ó rọ̀ títí ọ̀nà fi di odò. Ẹ kú òjò sà, lọ́nà ọgọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹrin

Mo gbìyànjú láti kí i. Mo tẹ "Ẹ káàárọ̀ sà," mo wò ó, mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò lè kí àgbà. Mo ń kí ẹni tó ń gbá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n kí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ tó ń ro ọbẹ̀ bá a jẹ́ mi, kí n wá pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ omi: rárá o. Mo tún pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjìdínlọ́gọ́rin ló kù fún mi. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ló kù fún Ìyá Kíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹrin

Mo bá Ìyá Kíláàsì ní ilé ìfọṣọ, ó ń ká aṣọ ibùsùn, ó na etí aṣọ kan sí mi kí a jọ ká a.

"Ṣé o ti kí i?" ó bi mí.

"Mi ò lè kí i, mà. Òpè ni gbogbo wọn."

"Ó dáa. Tí a bá tún ọdún ṣe, ìwọ á tún un ṣe bí ọlọ́gbọ́n, àwọn òpè á wà nílé àyẹ̀wò. Ọmọ mi, ọdún kan ò tó nǹkan lójú ẹ. Lójú tèmi, àwọn tó ń sanwó iléèwé mi ò ní san án lẹ́ẹ̀mejì."

A ká aṣọ mẹ́ta sí i. Mo ní ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ kànga.

"Ta ló máa kà á? Ojú ewé mẹ́rin lórí fóònù. Èmi tí mo bá ẹ fa omi, mi ò kà á tán." Ó gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi. "Ọ̀rọ̀ márùn-ún, máàkì kan, àbí? Gé e wẹ́wẹ́. Má sọ ọ́ bíi ti ìwé. Sọ ọ́ bí òfófó."

Inú bí mi. Ní gbogbo ọ̀nà ilé ni inú fi ń bí mi, torí mi ò rí ibi tí irọ́ wà nínú ohun tó sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹrin

Ìyá Kíláàsì wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, fóònù lọ́wọ́ oníkálukú, a kọjú sí ògiri bí ẹni tí ò mọra. Òun ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí gúrúpù.

"Ọmọ òkè òkun, ṣé òótọ́ lohun tí mo gbọ́ nípa kànga kan?"

"Kànga wo, mà?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jẹ́ n dákẹ́."

"Sọ díẹ̀."

"Kò jìnnà síbí."

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Àwọn kan níbí mu nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ìkíni dáwọ́ dúró. Mo fi ojú ara mi rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó kọ "Ẹ kú" kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: Kànga wo? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ sọ ọ́ o. Ṣé ti ẹ̀yìn ilé ìtàwé ni?

Ìyá Kíláàsì ń fà mí, mo ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ṣáláńgá wà lókè, kànga wà nísàlẹ̀. Òjò rọ̀, ilẹ̀ mu. Ilẹ̀ mu tán, kànga mu. Ó ní, "Ṣebí omi náà mọ́ lójú?" Mo ní, "Ojú kì í rí kòkòrò." Ó ní, "Irọ́ lo ń pa." Mo fi àwòrán ìgò dúdú kan ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, èkejì. Àǹtí ti dá ẹ̀rọ dúró, ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa kí ni wọ́n wí, kí ni wọ́n wí. A ti dé kànga kẹta nígbà tí nọ́ńbà Àtàǹpàkò sọ̀rọ̀, láìfi àwòrán kankan sí i.

"Ẹ̀yin méjèèjì, èwo ló kàn? Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí inú ti ń run àwọn ọmọ mi."

Mo wo Ìyá Kíláàsì. Kò tẹ nǹkan kan. "Sọ fún un tààrà," ó wí.

Mo kọ ọ́ pé: "Kànga ẹ̀yìn ilé àwọn olùkọ́ ni, mà. Ẹ má mu ún. Bí kò bá sí omíràn, ẹ sè é kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwòsàn lónìí."

Lẹ́yìn náà, Olódòdó fi òdòdó àwọ̀ ìyeyè kan ránṣẹ́: "Ẹ káàsán mà." Ogójì èèyàn tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹrin

Mo rí Àtàǹpàkò lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ ní kùtùkùtù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́. Mo kí i. Ó ní àwọn ọmọ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé ojú ewé mẹ́rin lo wí nígbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pọn omi rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù karùn-ún

Kíka ìkópa parí. Èmi: mẹ́tàlélógún. Ìyá Kíláàsì: ogún géérégé. Ọ̀rọ̀ kan ló fi borí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, mo lọ wò ó: "Irọ́ lo ń pa."

Olódòdó gba ogójì nínú ogójì.

Àtàǹpàkò pè wá jọ sí gbọ̀ngàn. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Ọgbọ́n mi ṣì kéré. "Ṣé ẹ rí i bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́?" ó wí. "Orí gúrúpù yìí ni wọ́n ti là mí lójú nípa kànga mi. Ṣọ́ọ̀kì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n kọ ìdajì ojú ewé fún àwọn aláṣẹ, nípa bí fóònù ṣe kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ó dáa, sà. Ó lè máa retí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù karùn-ún

Wọ́n fi orúkọ pè wá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Nígbà tí wọ́n pe Ìyá Kíláàsì, ó dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba fóònù gbogbo wa, ó kó wọn sínú páálí mẹ́ta. Bí a ṣe jókòó ni wọ́n ń gbọ̀n nínú páálí, gbìrì-gbìrì, bí adìyẹ tí wọ́n kó lọ sọ́jà.

Ìwé, bírò, ìbéèrè márùn-ún. Àkọ́kọ́: ṣàlàyé bí o ṣe máa yan ibi tí wọn óò gbẹ́ kànga sí nínú ọgbà tí ilé pọ̀ sí. Olódòdó na ọrùn láti ẹ̀yìn mi.

"Kí ni wọ́n ń bèèrè ní nọ́ńbà kìn-ín-ní?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ kú ìdánwò," mo dá a lóhùn, mo tẹ orí ba.

Mo mọ ìdáhùn náà tinú tẹ̀yìn. Ojú ewé mẹ́rin wà lórí mi. Mo kọ gbólóhùn kan: Kọ́kọ́ wo ibi tí ṣáláńgá wà. Lẹ́yìn náà ni bírò mi dúró. Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ńṣe ni mo dúró kí ẹnìkan bi mí pé, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo gbé orí sókè. Ìlà mẹ́ta sí mi, Ìyá Kíláàsì náà ti gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó ń wò mí bí ẹni tí òun náà ń retí kí n fèsì.